Màlúù Pápá, Màlúù Àgbàdo

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún

Mo ra ìwé yìí nítorí pé kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Àbúrò mi dé lónìí. Ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa ẹran ọ̀sìn. Àpótí méjì ló gbé wá, ìwé inú wọn pọ̀ ju aṣọ lọ. Bàámi dìde lórí àga. Bàámi tí kì í dìde fún ẹnikẹ́ni mọ́ látìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn! Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń táràrà: "Ṣé ìwọ nìyẹn? Ṣé ìwọ nìyẹn lóòótọ́?"

Èmi ni mo gbé àpótí wọlé.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti fi ń da màlúù Bàámi. Nígbà tí ìyá wa kú, ó ku ọdún kan kí n jáde ilé ìwé. Àbúrò mi jẹ́ ọmọ ọdún méje. Èmi ni mo kúrò níbẹ̀, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń di irun rẹ̀, tí mo sì ń sáré lọ bá màlúù. Mi ò rántí ọjọ́ tí Bàámi dìde fún mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni n ó máa pè é nínú ìwé yìí. Kò kúkú ní mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Ọjọ́ kan péré ló fi sinmi. Nígbà tí a ń mu tíì ní òwúrọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń gbìyànjú o, ṣùgbọ́n…"

"Ṣùgbọ́n" yẹn ló wọ̀ mí lára. Mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ìyókù. Ó ní màlúù tó ń jẹ koríko nìkan ń pẹ́ kó tó sanra, pé èyí tí a bá so mọ́lẹ̀ tí a ń fún ní àgbàdo yóò tó tà kí ti pápá tó dàgbà tán. Mo ní ẹran kì í ṣe adìyẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Bàámi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi ló ń rín.

Bàámi wá gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ojú ò ríran mọ́. "Okùn kan, ọwọ́ kan. Ọ̀kan nínú yín ni yóò di ọgbà yìí mú." Akọ màlúù mẹ́rìnlélógún la ní tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, tí a ti tẹ̀ lọ́dàá. Kí a ṣẹ́ gègé, kí a pín wọn ní méjìlá méjìlá. Èmi lórí pápá, òun lọ́dọ̀ àgbàdo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. A óò wọn gbogbo wọn ní Ọjọ́bọ̀, a óò tún wọ̀n wọ́n nígbẹ̀yìn. Ẹni tí kílò tirẹ̀ bá lé jù ló ni okùn. "Èyí tó bá sì kú," ó ní, "òfo ni lórí òṣùwọ̀n. Kílò tó fi bẹ̀rẹ̀ ni a óò yọ kúrò lára èrè ẹni tó ni ín."

Mo gbà. Ta ló mọ màlúù jù mí lọ?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

A wọ̀n wọ́n. Kò sí ìyàtọ̀ kan tó ṣe gbòógì láàárín méjìlá tèmi àti méjìlá tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n gègé mú Àbùlẹ̀ fún un. Àbùlẹ̀! Èyí tó ní àmì funfun ní ìhà bí ẹni lẹ aṣọ mọ́ ọn lára. Ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó bí i, ìgò ni mo fi fún un ní wàrà fún oṣù mẹ́ta. Tí mo bá wúkọ́ báyìí, á yọ orí láàárín agbo, á máa bọ̀. 281 kílò. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi okùn sí i lọ́rùn, ó ní, "Èyí mà rẹwà o."

Ó ń sọ ọ́ fún mi bí ẹni pé mi ò mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Ọkọ̀ àgbàdo dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọ bàtà rọ́bà tuntun. Tèmi ti lu.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Mo ń retí kí ó ṣìṣe. Kò ṣìṣe. Mo rò pé yóò da àgbàdo kún inú ọpọ́n lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí inú máa run wọ́n. Rárá o. Koríko gbígbẹ ló kọ́kọ́ pọ̀, àgbàdo díẹ̀ lórí rẹ̀, ó ń fi kún un ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. "Kí ikùn wọn kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n," ó ní. Ó ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Kódà ó ń kọ bí ìgbẹ́ wọn ṣe rí!

Èmi náà ò jókòó lásán. Mo fi wáyà pín pápá sí mẹ́fà. Ọjọ́ mẹ́rin ní ìhín, ọjọ́ mẹ́rin ní ọ̀hún, kí koríko lè sinmi kó tún hù. Iṣẹ́ tó gún ni. Kò sẹ́ni tó wá wò ó.

Ọgbà tirẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ogún ìgbésẹ̀ sí àga Bàámi. Àárọ̀ àti ọ̀sán, Bàámi ti wà níbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa wọ́n ní ìhà bí ẹni ń wá owó nínú àpò. Lónìí ó pariwo débi tí mo gbọ́ ọ láti ìdí wáyà: "Egungun ìhà yìí ti ń wọlé o!"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìwọ̀n kìn-ín-ní. Tèmi: kílò mẹ́sàn-án ló lé lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tirẹ̀: mẹ́rìndínlógún.

Mi ò jẹun alẹ́. Mo ní orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè rí i pé kì í ṣe pé mo ń ro ó lásán. Nídìí oúnjẹ lónìí, Bàámi bi Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìbéèrè mọ́kànlá. Mo kà á. Kí ni wọ́n ń jẹ? Mélòó lójúmọ́? Ṣé omi wọn tó? Ṣé oorun rẹ tó? Èmi, ó bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n gbé iyọ̀.

Mò ń jowú bí ìyálé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó bá. Àbúrò mi ni o! Ọmọ tí mo wẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà

Ìwọ̀n kejì. Mẹ́wàá ló tún lé lórí tèmi, méjìdínlógún lórí tirẹ̀.

Alápatà tó ń ra ẹran lọ́wọ́ wa wá wò wọ́n. Ọkùnrin tó mọ ẹran ni, ẹnu rẹ̀ ni ò dára. Ó dúró nídìí ọgbà Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ń fi ahọ́n lá ètè. Lẹ́yìn náà ló wá dé pápá, ó wo méjìlá mi, ó ní, "Ìwọ̀nyí dára fún eré sísá." Ó ní ẹran pápá máa ń le lẹ́nu, ọ̀rá rẹ̀ sì máa ń pọ́n bí pupa ẹyin, pé àwọn oníbàárà tòun, ọ̀rá funfun ni wọ́n ń béèrè.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dá a lóhùn kí n tó la ẹnu. Ó ní koríko tútù ló ń fún ọ̀rá ní àwọ̀ yẹn, kì í ṣe àrùn, kì í ṣe ogbó. Ó ní ẹran tí kò lọ́ràá púpọ̀ dára fún ara, pé òun tilẹ̀ fẹ́ràn adùn rẹ̀ ju ti àgbàdo lọ. "Ẹ lọ sọ fún àwọn oníbàárà yín pé ẹ̀gbọ́n mi mọ iṣẹ́ rẹ̀."

Kí ló ń gbèjà mi fún? Ta ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀?

Tó bá bú mi ni, ìbá sàn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún

Òjò rọ̀ dáadáa. Koríko ti dé orúnkún mi, ó tutù, ó rọ̀. Àwọn màlúù ki ẹnu bọ̀ ọ́ bí ẹni tí wọ́n pè sí àsè. Inú mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kan. Mo sáré lọ bá Bàámi, mo ní kí ó jẹ́ kí n fà á lọ́wọ́ lọ sí pápá, kí ó wá fi ọwọ́ kan koríko náà. Ó ní, "Ó rẹ̀ mí lónìí. Ó di ọ̀la."

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀jọ̀gbọ́n pè é láti ọgbà. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

Ọ̀la ti dé. Kò rántí. Mi ò rán an létí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó ra bàtà rọ́bà fún mi. Irú tirẹ̀ gan-an. Ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Ó bá mi lẹ́sẹ̀ régí.

Mo tì í sábẹ́ ibùsùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìwọ̀n kẹta. Koríko tuntun gbé mi dé méjìlá. Mo fẹ́ fò sókè, kí wọ́n tó ka tirẹ̀: mọ́kàndínlógún. Ó ti tán. Mi ò lè bá a mọ́, àyàfi tí àwọn tèmi bá hu ìyẹ́.

Nǹkan kan tún wà. Ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo rẹ̀ bàjẹ́ ní àná, ó sì gbé àgbàdo lọ síbòmíràn. Mo fi ọwọ́ kan èyí tó gbé dé. Lẹ́búlẹ́bú! Bí àtíkè. Ti tẹ́lẹ̀ ń rí wórówóró lọ́wọ́, ó kàn fọ́ sí méjì mẹ́ta ni. Bàámi ti kọ́ mi látìgbà tí mo wà ní ọmọ ogún ọdún pé ọkà tó bá kúnná jù, inú màlúù a máa hó, afẹ́fẹ́ ò sì ní rí ọ̀nà jáde.

Mo fẹ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Bàámi wá ń sọ lọ́wọ́ pé, "Orí ọmọ yìí pé. Orí ọmọ yìí pé." Mo gbé ọ̀rọ̀ mi mì.

Ṣebí ó kàwé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bó ṣe rí, tí mi ò bá tiẹ̀ ní kọ òótọ́ mìíràn mọ́.

Ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ò tíì wọ̀ tán. Mò ń bọ̀ láti pápá, mo gba ẹ̀yìn ọgbà rẹ̀ kọjá. Mọ́kànlá dùbúlẹ̀, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ. Ẹyọ kan dúró lọ́tọ̀ nídìí ògiri. Kò jẹ àpọ̀jẹ. Ó na ọrùn, ó ya ẹnu díẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta ikùn ara rẹ̀. Ìhà òsì rẹ̀ ti wú, ó yọ sókè ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ìhà tó ní àmì funfun.

Mo dúró. Mo di wáyà mú. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Mo mọ ohun tí à ń ṣe: òróró, ìgò kan, kí a rọ ọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, kí a mú un rìn lórí òkè, kí a máa pa ìhà rẹ̀ títí yóò fi gùnfẹ̀. Mo ti ṣe é rí fún mẹ́ta, kò sí èyí tó kú. Òróró wà ní ilé ìdáná.

Ọkàn mi ní: yóò rí i fúnra rẹ̀. Ọkàn mi ní: jẹ́ kí ojú tì í lẹ́ẹ̀kan péré. Kí Bàámi mọ̀ pé ìwé ò lójú.

Mo wúkọ́, mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ó yí orí sí mi.

Mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àbùlẹ̀ kú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló bá a ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àná, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin na gbọnrangandan. Igbe rẹ̀ ló jí mi. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó ti gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó ń bẹ òkú màlúù. "Dìde. Jọ̀ọ́. Dìde."

Bàámi kúnlẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ ìhà náà wò. Ó pẹ́ níbẹ̀. "Afẹ́fẹ́ ni," ó ní. Ó bu àgbàdo ọpọ́n, ó fi ìka méjì ra á. "Ó kúnná jù." Ó bèèrè ẹni tó rí i kẹ́yìn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Èmi ni, Bàámi. Ẹ̀bi mi ni."

Mo lọ mú ọkọ́ wá.

A gbẹ́ ilẹ̀ sin ín. A ò jẹ́ kí alápatà gbọ́. Èmi àti òun la jọ gbẹ́ ẹ. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Ó ń bẹ̀ mí ní gbogbo ìgbà: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ. Ẹ má bínú."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́

Mo rò pé inú mi yóò dùn. Bàámi ò bá a wí rárá! Ó jókòó tì í, ó ń pa á lẹ́yìn, ó ń sọ fún un nípa àwọn màlúù tirẹ̀ tó kú nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Kódà nínú àdánù, òun ló ni Bàámi.

Mo ń ka ohun tí mo kọ yìí, ojú ń tì mí. Síbẹ̀ ohun kan náà ni mo ṣì ń rò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ìwọ̀n ìkẹyìn. Tèmi: kílò méjìlélógójì lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, méjìlá ní ọ̀nà méjìlélógójì, 504. Tirẹ̀: àádọ́rin lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àádọ́rin! Ẹran ń dán bí bàtà àlùfáà. Mọ́kànlá ní ọ̀nà àádọ́rin, 770. Yọ òkú kúrò, 281. Ó ku 489.

Mo fi kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún borí.

Bàámi ní òfin ni òfin. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rù jáde, ó so ó mọ́ ìdí okùn tó fi ń da màlúù látijọ́, ó nà án sí mi. Ó dìde kó tó nà án. Ó dìde! Ó ní, "O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Mi ò sọ ọ́ tó."

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń dúró de gbólóhùn yẹn. Ó wọ etí mi bí omi gbígbóná. Ọ̀jọ̀gbọ́n dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀njọ́

Ó ń di ẹrù. Ọgbà ńlá kan ti fún un níṣẹ́ níbi tó jìnnà. Mo lọ bá a ní yàrá, mo ní kí ó dúró kí a jọ ṣe é. Mi ò mọ̀ bóyá mo fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu mi kàn sọ ọ́.

Ó jókòó sórí àpótí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún Bàámi. Mi ò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mò ń di ẹrù rù yín." Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, òun ti mú fìtílà, òun ń lọ sí ọgbà láti lọ wò wọ́n yí ká, bí òun ti ń ṣe ní ojoojúmọ́. Ó wá rí mi láti ojú fèrèsé. "Ẹ dúró nídìí wáyà. Ẹ wò wọ́n, ó pẹ́ díẹ̀, ẹ wá lọ. Mo ní, tó bá jẹ́ pé nǹkan kan ń ṣe wọ́n ni, ẹ̀gbọ́n mi á ti pè mí. Kò sójú tó mọ màlúù bí ojú yín. Mo bá gbé fìtílà kalẹ̀, mi ò jáde mọ́ títí mo fi sùn." Ó nu imú. "Ìyẹn lẹ̀bi mi. Mo gbé ojú mi fún yín, mo sùn. Ó ní láti jẹ́ pé ìgbà tí ẹ lọ tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wú."

Ó ń wojú mi. Ó ń dúró kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje

Mi ò lè gbé e. Mo lọ bá Bàámi lórí àga rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Mi ò jókòó. Mo ní, "Bàámi, mo rí i. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ti wú. Mo rí i, mo bá tèmi lọ."

Mo ń retí kó pariwo. Ìbéèrè ló bi mí, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè.

"Ṣé o mọ ohun tó yẹ kí o ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Òróró. Kí n mú un rìn."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, Bàámi."

Ó yí ojú sí fèrèsé bí ẹni pé ó ń rí nǹkan níbẹ̀. Ó ní, "Fi okùn yẹn sílẹ̀ lórí tábìlì."

Mo fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo yíjú, àbúrò mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ife tíì Bàámi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀. Ó rọra gbé ife náà kalẹ̀, kò jẹ́ kí ó dà. Ó ní, "Kí ni mo ṣe yín?"

Mo ti ń wá ìdáhùn láti àárọ̀. Gbogbo ohun tí mo rí kọ síbí kò tó èyí tí ènìyàn lè sọ lójú ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta

Kò lọ. Mo rí i tó ń tú àpótí. Okùn ti kúrò lórí tábìlì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ó pé ọjọ́ márùn-ún. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Bàámi ń dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Ìyẹn nìkan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ó wá bá mi ní pápá láàárọ̀ yìí, ó fa Bàámi lọ́wọ́. Bàámi dúró lókèèrè, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí koríko. 

Àbúrò mi ló sọ̀rọ̀. Bébà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó ní koríko nìkan ń pẹ́ jù, àgbàdo nìkan wọ́n jù, ó sì ń pa ẹran bí ojú bá kúrò lára rẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, gbogbo ọmọ màlúù á wà lọ́dọ̀ mi ní pápá títí wọ́n á fi tó ọ̀ọ́dúnrún kílò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wá sọ́dọ̀ òun, kí àgbàdo fi oṣù mẹ́ta parí wọn. "Iṣẹ́ pápá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù. Mi ò ní tìtorí ohun tó ṣẹlẹ̀ purọ́." Ó ká bébà náà sí méjì. "Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kọjá géètì mi, ẹ má tẹ̀ lé wọn wọlé. Ẹ má dé ọgbà mi mọ́."

Mo ní ó dáa.

Ó fẹ́ lọ, ó tún dúró. "Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Mo ní mo gbọ́.

Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò sí gbólóhùn tí yóò sọ sí mi tí "ẹ̀gbọ́n mi" kò ní sí níbẹ̀. Lónìí, mo dúró dè é títí ó fi parí. Kò pè é. "Ẹ" nìkan ló kù, mi ò sì mọ̀ bóyá èyí tí à ń lò fún àgbà ni, àbí èyí tí à ń lò fún àlejò.

Wọ́n lọ. Ó di Bàámi ní apá mú, wọ́n rọra ń rìn nítorí ilẹ̀ ń yọ̀. Mo ṣí wáyà apá kẹta, mo da àwọn màlúù wọ inú koríko tuntun.